Ẹ Fi Ìbéèrè Ìlú Yín Wọn Ẹ̀rọ Ìṣàwárí

Nínú Google, Bing, DuckDuckGo àti àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí yòókù, èwo ló ń rí ohun tí ènìyàn ń wá jù? Bí a bá béèrè báyìí, ìbéèrè wa kò tíì pé. Ó kù ká sọ ẹni tó ń wá nǹkan, ohun tó ń wá, àti èdè tó fi ń wá a. Ẹ̀rọ kan lè mọ gbogbo òpópónà ìlú London, kó má sì mọ̀ pé Ìgbájọ tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Bólúwadúró, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yàtọ̀ sí Ìgbájà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ohun tí orí ìwé yìí ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: ìbéèrè tí ẹ̀yin fúnra yín nílò ìdáhùn sí, tí ẹ sì lè dá èsì rẹ̀ lẹ́jọ́, ni òṣùwọ̀n tó tọ́ láti fi wọn ẹ̀rọ ìṣàwárí. Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, òǹkọ̀wé ìtàn ìlú àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe ìdánwò náà ní ọ̀sán kan pẹ̀lú fóònù, bírò àti ìwé. A ó kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ṣe é, lẹ́yìn náà a ó sọ bí wọn yóò ṣe ṣe é.

Òkìkí kì í ṣe ẹ̀rí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lò ló gbọ́dọ̀ dára jù. Ẹ jẹ́ ká yẹ èrò yìí wò. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2024, Adájọ́ Amit Mehta ti ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Washington dá a lẹ́jọ́ pé Google rú òfin nípa bó ṣe gba gbogbo ọjà ìṣàwárí mọ́ra. Nínú ẹjọ́ náà ló ti hàn pé nǹkan bí 90 nínú ìbéèrè 100 ní Amẹ́ríkà ló ń gba ọ̀dọ̀ Google, àti pé lórí fóònù, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 95. Ibẹ̀ náà ló ti hàn pé ní ọdún 2021 nìkan, Google san owó tó lé ní bílíọ̀nù 26 dọ́là kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù àti àwọn mìíràn lè fi òun ṣe ẹ̀rọ tí ẹni tó ra fóònù yóò kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Adájọ́ náà kò sọ pé Google kò dára. Ó tilẹ̀ gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ló gbayì jù láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, iye ènìyàn tó ń lo nǹkan kò lè ṣe ẹ̀rí nígbà tí owó wà lára ohun tó kó wọn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo Google kò yàn án láàárín méjì rí. Wọ́n bá a nínú fóònù ni.

Ìdí kejì tí a kò fi lè gbára lé ojú lásán ni pé ọkàn wa ti gba ohun tó bá wà lókè gbọ́ kí a tó kà á. Ní ọdún 2007, Bing Pan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ibi tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ ń wò lára èsì Google. Fún àwọn kan, wọ́n yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ èsì náà padà láìsọ fún wọn, èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ bọ́ sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣì ń tẹ èyí tó wà lókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá ìbéèrè wọn mu tó èyí tó wà nísàlẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yunifásítì, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ méjì wéra gbọ́dọ̀ pa orúkọ wọn mọ́ kó tó dájọ́.

Ohun tí àwọn tó ti wọ̀n wọ́n ṣáájú rí

Wíwọn ìṣàwárí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní àwọn ọdún 1960, Cyril Cleverdon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cranfield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ìwé ìwádìí 1,400 jọ lórí ìmọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì to ìbéèrè 225 tí àwọn onímọ̀ gidi béèrè. Wọ́n kọ́kọ́ dá ìwé tó bá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan mu sọ́tọ̀, kí wọ́n tó wo ọ̀nà ìṣàwárí tó lè rí wọn. Láti ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n méjì ti fìdí múlẹ̀. Èkínní ni ìpéye: nínú ohun tí ẹ̀rọ kó wá, mélòó ló bá ìbéèrè mu? Èkejì ni ìkápé: nínú gbogbo ohun tó bá ìbéèrè mu tó wà, mélòó ni ẹ̀rọ náà rí? Láti ọdún 1992 ni àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìpàdé ìdánwò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní TREC, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń fi irú ọ̀nà yìí wọn ẹ̀rọ wọn.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nínú àwọn ìwádìí ìgbà tiwa ni ti Dirk Lewandowski, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, tó jáde ní ọdún 2015. Ó mú ìbéèrè 2,000 lára èyí tí àwọn ará Jámánì tẹ ní ti gidi, ó sì pín wọn sí méjì ọgbọọgba. 1,000 jẹ́ ti ẹni tó ń wá ìmọ̀ nípa nǹkan, 1,000 sì jẹ́ ti ẹni tó ti mọ ìkànnì tó fẹ́ lọ tó kàn ń wá ọ̀nà ibẹ̀. Ní ti àwọn tó ń wá ìkànnì pàtó, Google rí i ní ìdá 95.3 nínú 100, Bing sì rí i ní ìdá 76.6. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn tó ń wá ìmọ̀, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kéré. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí èyí sọ: ẹ̀rọ méjì kan náà ni, síbẹ̀ ìdáhùn sí "Èwo ló dára jù?" yí padà nígbà tí irú ìbéèrè yí padà. Èdè Jámánì ni wọ́n sì fi béèrè, ilẹ̀ tí ìkànnì pọ̀ sí bí eṣú ni wọ́n ti ń béèrè. Kò sí ohun tó fún wa láṣẹ láti gbé iye yẹn wá sí Ìgbájọ bó ṣe rí.

Ẹ mọ ẹni tó ní àkójọ tirẹ̀

Ẹ̀rọ ìṣàwárí kì í wo gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀. Àkójọ tó ti ṣe sílẹ̀ ló ń wò. Ní ọdún 1998, Steve Lawrence àti Lee Giles fi hàn pé kò sí ẹ̀rọ kankan tí àkójọ rẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà lọ. Ní ọdún 1999, wọ́n tún rí i pé èyí tó gbòòrò jù kò ju ìdá 16 nínú 100 lọ. Ìwọ̀n náà ti yí padà láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ìlànà ibẹ̀ ṣì dúró: ohun tí kò sí nínú àkójọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà kò lè rí i, bó ti wù kó gbọ́n tó. Google ní àkójọ tirẹ̀, Bing ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Brave Search tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021 àti Mojeek ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yahoo àti DuckDuckGo, ọ̀dọ̀ Bing ni wọ́n ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú èsì wọn, Startpage sì ń gba ti Google. Ẹni tó bá wá fi Bing, Yahoo àti DuckDuckGo wéra, tó rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta lòun ní, dà bí ẹni tó béèrè ìtàn ìdílé kan lọ́wọ́ ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n jọ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá kan ṣoṣo. Bí àyè bá gba ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta péré, ẹ mú àwọn tí àkójọ wọn yàtọ̀ síra: Google, Bing àti Brave, fún àpẹẹrẹ.

Yíyan ìbéèrè

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́wàá ó kéré tán, kí wọ́n sì jẹ́ oríṣi mẹ́rin. Oríṣi kìíní ni ti ẹni tó ń wá ìkànnì pàtó: akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ dé ìkànnì Igbajo Polytechnic fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹni tó ń fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Oríṣi kejì ni ti ìdáhùn ṣókí tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: níbo ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Bólúwadúró? Ọ̀tan Ayégbajú ni. Ọjọ́ wo ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà Ogun Kírìjí? Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni. Oríṣi kẹta ni ti ọ̀rọ̀ tó gbòòrò, tí ojú-ewé kan ṣoṣo kò lè tán. Oríṣi kẹrin ni èyí tí ẹ fi Yorùbá béèrè látòkèdélẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ ó gbà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Bí ẹ bá dúró títí èsì fi jáde, èsì náà ni yóò máa sọ fún yín ohun tó yẹ kí ẹ ti fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi Kírìjí ṣàlàyé oríṣi kẹta, torí ọ̀rọ̀ Ìgbájọ ni. Ogun náà, tó wáyé láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó pawọ́ pọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Ìgbájọ ni àgọ́ Ìbàdàn wà, Ìmẹ̀sí-Ilé sì ni ti Èkìtìparapọ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ojú ogun ní ọdún 1885, àgọ́ méjèèjì kò sì tú pátápátá títí di ọdún 1893. Bí ẹ bá tẹ "Kiriji", ó ṣeé ṣe kí èsì mẹ́wàá jáde kí gbogbo wọn sì jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ohun tí ẹ ń wá ni bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ará Ìgbájọ fúnra wọn nígbà tí ọmọ ogun fi ìlú wọn ṣe àgọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú-ewé tó sọ ìtàn Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, àwọn ọ̀gá ogun Èkìtìparapọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó dárúkọ Ìgbájọ lẹ́ẹ̀kan péré, kò tíì dáhùn ìbéèrè yín. Bẹ́ẹ̀ ni kò tó kí ẹ̀rọ kó ojú-ewé mẹ́wàá tí gbogbo wọn wá láti inú ìwé Samuel Johnson, ẹni tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ tó sì wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri, kó má sì mú ohunkóhun wá nípa ìwé tí S. A. Akíntóyè tẹ̀ jáde ní ọdún 1971 lórí ìgbòòrò Ìbàdàn àti ìdìde Èkìtìparapọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Fún irú ìbéèrè báyìí, ìkápé ṣe pàtàkì ju ìpéye lọ, ẹ̀rọ tó bá sì mú ìhà méjèèjì wá ló yẹ kó gba máàkì.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìdánwò. Ẹni tó bá tẹ "ila" láìfi àmì sí i lè máa wá Ìlá Ọ̀ràngún, ó lè máa wá ilá tí a ń sè lọ́bẹ̀, ó sì lè jẹ́ ilà ojú. Ẹ̀rọ tó fojú fo àmì yóò da gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀rọ tó ka àmì sí yóò pàdánù ọ̀pọ̀ ojú-ewé tí àwọn tó kọ wọ́n kò fi àmì sí. Ìṣòro kan tún wà tí ojú kò lè rí. Ẹnìkan lè fi àmì tóótó sí abẹ́ ọ nínú Ìgbájọ, ẹlòmíràn lè fi ìlà kékeré sí i, kọ̀ǹpútà sì lè ka àwọn méjèèjì sí lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ ìbéèrè Yorùbá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú àmì, ẹ̀ẹ̀kan láìsí àmì, kí ẹ sì kọ èsì méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú Google tó ń sọ Yorùbá tàn yín. Èdè tó wà lára bọ́tìnnì kò sọ ohunkóhun nípa iye ìwé Yorùbá tó wà nínú àkójọ.

Bí a ṣe ń ṣe ìdánwò náà

Ẹ lo fóònù kan náà ní wákàtí kan náà, kí ẹ sì ṣí ojú ìkọ̀kọ̀ tí Chrome ń pè ní Incognito, kí ohun tí ẹ ti wá sẹ́yìn má baà nípa lórí èsì. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti ṣe é, nítorí ẹ̀rọ ń wo ibi tí ènìyàn wà. Ohun tí ọmọ Ìgbájọ tó wà ní Peckham, ní London, rí lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà nílé. Kí ẹnìkan máa tẹ ìbéèrè, kó máa da èsì mẹ́wàá àkọ́kọ́ kọ sórí ìwé láìkọ orúkọ ẹ̀rọ tó mú un wá, àfi A, B tàbí D. Ìpolówó kò sí lára èsì. Kí ẹlòmíràn tí kò mọ ẹ̀rọ tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ṣí ojú-ewé wọ̀nyẹn, kó kà wọ́n, kó sì fún wọn ní máàkì: 2 fún èyí tó dáhùn ìbéèrè, 1 fún èyí tó fọwọ́ bà á, 0 fún èyí tó ṣìnà. Ojú-ewé tí kò ṣí, 0 ni. Ìgbájà tó bá jáde níbi tí a ti béèrè Ìgbájọ, 0 ni.

Ká ní lórí ìbéèrè kan, èsì 6 nínú 10 ti ẹ̀rọ A ló wúlò, ìyẹn ni pé wọ́n gba máàkì 1 tàbí 2, ti B sì jẹ́ 4. Ìpéye A jẹ́ 0.6, ti B jẹ́ 0.4. Ṣùgbọ́n ká ní èsì tó wúlò kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ A títí di ipò karùn-ún, nígbà tí ti B wà ní ipò kìíní. Ẹ pín 1 sí ipò èsì àkọ́kọ́ tó wúlò: A ní 0.2, B ní 1. Fún ọmọ tó kàn fẹ́ dé ìkànnì ilé ẹ̀kọ́, B ló borí. Fún òǹkọ̀wé ìtàn tó fẹ́ kó gbogbo ẹ̀rí jọ, A ni. Láti mọ ìkápé, ẹ pa gbogbo èsì tó wúlò láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ yín pọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní TREC. Bí 2 bá jẹ́ ti àjọni nínú 6 àti 4 wọ̀nyẹn, àpapọ̀ jẹ́ 8: A rí 6 nínú 8, B rí 4. Méjì tí B nìkan rí sì ni ẹni tó bá gbára lé A nìkan kò ní mọ̀ láé pé wọ́n wà.

Ìdáhùn sí àtakò

Ẹnìkan lè sọ pé ìbéèrè mẹ́wàá kéré jù láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí A bá borí ní 6, tí B borí ní 4, ẹ má sọ pé ẹ ti rí ọ̀gá. Ẹ̀rọ méjì tó dọ́gba pátápátá lè fi ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn ní nǹkan bí ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá borí ní 9 nínú 10, nǹkan bí ìgbà 2 nínú 100 ni irú rẹ̀ lè ṣèèṣì wáyé láàárín ẹ̀rọ tó dọ́gba. Ìdánwò kékeré kò lè fi ìyàtọ̀ kékeré hàn, àmọ́ ó lè fi ńlá hàn, ìyàtọ̀ ńlá ló sì yẹ kó mú ènìyàn yí ẹ̀rọ padà. Ẹlòmíràn yóò sọ pé dátà wọ́n, kí ló dé tí a ó fi máa ná an lórí ìdánwò? Ìdáhùn ni pé ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tí kò bá a mu wá nǹkan lójoojúmọ́ ń san owó dátà yẹn díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀, lórí ojú-ewé tó ṣí tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní ayé ìṣàwárí ti kọjá, pé ẹ̀rọ tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá dáhùn tààrà ti gba ipò rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni Google fúnra rẹ̀ ti ń gbé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí òkè èsì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó dùn ún kà kì í ṣe ìdáhùn tó tọ́. Ẹ fi í sínú ìdánwò yín, kí ẹ sì fún un ní máàkì bíi ti àwọn yòókù, pẹ̀lú òfin kan sí i: kó fi orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn, kí ẹ ṣí orísun náà, kí ohun tó sọ sì wà níbẹ̀. Bó bá sọ pé Ìgbájọ wà ní Kwara, tàbí tó gbé àgọ́ Ìbàdàn lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, 0 ni, bó ti wù kí gírámà rẹ̀ gún tó. Orí ìlú kékeré ni irú ìdánwò yìí ti wúlò jù, torí pé níbi tí ìwé kò pọ̀ sí, ó rọrùn kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi àbá dí àlàfo.

Èyí mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá sọ pé kò sí nǹkan púpọ̀ nípa Ìgbájọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kí la fẹ́ wọ̀n? Àìtó náà kò ṣeé jiyàn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó MIRACL jọ ní ọdún 2022, ìyẹn ìdánwò ìṣàwárí ní èdè 18, Yorùbá wà lára wọn. Ìpínrọ̀ 49,043 ni wọ́n rí kó nínú Wikipedia Yorùbá. Ti Gẹ̀ẹ́sì lé ní mílíọ̀nù 32. Ní ọdún 2023, ìdánwò CIRAL tún wọn bí a ṣe lè fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè kí a sì rí ìdáhùn nínú ìwé Yorùbá, Haúsá, Sòmálì àti Sùwàhílì. Àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìpín tiwọn. Ìdánwò tiwa ló sì lè fi hàn ibi tí àlàfo wà gan-an. Ìbéèrè tí ẹ̀rọ kan rí ìdáhùn rẹ̀ tí èkejì kò rí, ẹ̀bi àkójọ tàbí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀rọ ni. Ẹ yan èyí tó rí i. Ìbéèrè tí gbogbo wọn gba 0 lé lórí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ìdáhùn rẹ̀ síbi tí ẹ̀rọ lè dé.

Nítorí náà, ẹ fi ìwé méjì parí iṣẹ́ yín. Lórí èkínní, ẹ kọ irú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rọ tó borí níbẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìkàwé tàbí kíláàsì kí gbogbo ènìyàn lè máa lò ó. Lórí èkejì, ẹ to gbogbo ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, kí ẹ pín wọn láàárín àwọn tó mọ ìdáhùn, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá tó ní àmì, kí wọ́n fi orísun ọ̀rọ̀ wọn sí i, kí wọ́n sì gbé e sórí Wikipedia Yorùbá tàbí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún béèrè àwọn ìbéèrè kan náà lọ́nà kan náà. Ẹ ó mọ ẹ̀rọ tó tètè rí ohun tí ìlú kọ, ẹ ó sì mọ èyí tí kò rí i rárá.